Owó ta ni 50 yìí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí nọ́ńbà aláìlórúkọ nínú kóòdù

Ìbéèrè yín lóṣù yìí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan: nọ́ńbà tó dá dúró gedegbe láàárín kóòdù, tí kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ti wá, àti bí a ṣe ń fi constant tó lórúkọ (iye tí a sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí kóòdù sì ń fi orúkọ náà pè é) rọ́pò rẹ̀. A mú mẹ́fà. Àwọn tó jọra, a ti pa wọ́n pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Utako ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà tí àwọn oníbàárà wa ní ọjà Wuse fi ń tajà ti lọ, èmi ni wọ́n kó o lé lọ́wọ́. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: 1.075, 50, 10000, 100. Ọ̀gá mi ní kí n fi constant rọ́pò gbogbo wọn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ṣé kí n kàn lo find-and-replace ni? (Láti Kubwa)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ wo ìlà mẹ́rin yìí. Irú wọn kò ní ṣàì sí nínú ohun tí wọ́n kó lé yín lọ́wọ́:

    if amount >= 10000:
        fee = fee + 50
    if amount > 50000:
        fee = fee + 50

50 méjì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni wọ́n kì í ṣe ọ̀kan. 50 àkọ́kọ́, ti ìjọba ni: ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ láti ₦10,000 sókè. Èkejì, ti báńkì ni. Nínú ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2020, ₦10 ni owó ìfowóránṣẹ́ tí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 ni fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦50,000, ₦50 sì ni fún èyí tó bá kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá sọ méjèèjì ní CHARGE, ọjọ́ tí ìjọba bá yí tirẹ̀ padà, ti báńkì á bá a lọ. Kọ̀ǹpútà ò ní ké pẹ́ẹ́; oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ rí i, ariwo á sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Find-and-replace ò tiẹ̀ mọ 50 yàtọ̀ sí 50000. CHARGE000 ni ẹ máa bá ní ìlà kẹta.

100 le ju 50 lọ. Nínú irú sọ́fítíwíà yìí, ó lè jẹ́ iye kọ́bọ̀ tó wà nínú náírà kan, nítorí pé kọ́bọ̀ ni Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbà, kì í ṣe náírà. Ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún tí a fi ń pín nígbà tí a bá ń ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún lè jẹ́ ₦100 tó wà nínú owó iṣẹ́ Paystack fúnra rẹ̀ lórí káàdì ilé: ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, tí ₦100 náà kì í sí bí ọjà kò bá tó ₦2,500, tí àpapọ̀ rẹ̀ kì í sì í kọjá ₦2,000. Ẹ wá wò ó:

    KOBO_PER_NAIRA = 100
    PAYSTACK_FLAT_FEE_NAIRA = 100

Ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, lójú tiwa, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tí yóò yí i padà láéláé, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Kọ́bọ̀ náà ò ní yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wúlò torí pé ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ibí yìí ni owó ti kúrò ní náírà. Ẹ rí i pé NAIRA wà ní ìparí orúkọ kejì. Ẹ máa fi ìwọ̀n kún orúkọ: _NAIRA, _KOBO, _SECONDS, _VOLTS. Ọkọ̀ òfuurufú Mars Climate Orbiter tí NASA pàdánù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló gbé e lọ: sọ́fítíwíà apá kan ń kọ iye jáde ní pound-force second, apá kejì ń kà á bí newton second.

Ọ̀nà tí a fi ń ṣe é nìyí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ test (kóòdù kékeré tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò) tí yóò fi iye tó wà létí ààlà sínú kóòdù àtijọ́: 4999, 5000, 5001, 9999, 10000, 50000, 50001. Ohun tó bá dá padà ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó tọ̀nà, ìbáà jẹ́ pé kò tọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹ wá gbogbo ibi tó wà:

    grep -rnw '50' .

-w yẹn ni kò ní jẹ́ kó mú 50000 mọ́ ọn. Ẹ ka ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé wá, kí ẹ sì bi í pé: kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí nọ́ńbà yìí á fi yí padà? Àwọn tí ìdáhùn wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà ló ń jẹ́ orúkọ kan. Bí ẹ bá ti sọ ọ̀kan lórúkọ, ẹ sáré test, ẹ ṣe commit (ẹ fi àyípadà náà pamọ́ sínú ìtàn kóòdù), kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lójú ọ̀nà, bóyá >= níbi tó yẹ kó jẹ́ >, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi sílẹ̀ náà. Commit tó yí orúkọ padà tó tún yí ìṣirò padà, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

1.075 ní tirẹ̀, nǹkan méjì ló para pọ̀ sínú rẹ̀: 1 tó jẹ́ iye ọjà, àti 0.075 tó jẹ́ VAT. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára ara wọn:

    VAT_RATE = Decimal("0.075")
    total = price * (1 + VAT_RATE)

Ẹ má gbàgbé àmì àyọlò tó wà nínú Decimal yẹn. Láìsí i, Python á kọ́kọ́ sọ 0.075 di float, èyí tí kò lè gba iye náà ní pípé, Decimal á sì wá di àìpé yẹn mú ṣinṣin. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ wá àwọn ẹbí rẹ̀ tó fara pamọ́: 7.5, 0.93 tí ẹnì kan fi ń yọ VAT kúrò lára iye (1 pín sí 1.075 ni), 1.075 tó wà nínú query SQL, àti ọ̀rọ̀ "VAT 7.5%" tí wọ́n tẹ̀ mọ́ risíìtì. Ti risíìtì ló máa ń ṣẹ́ kù jù: ìṣirò á ti yí padà, ìwé á ṣì máa pe ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n VAT gan-an kì í ṣe constant. Ìdá 5 ni títí oṣù Kìíní ọdún 2020 fi parí, ó di 7.5 ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ tún risíìtì ọdún 2019 tẹ̀, 5 ló gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, inú table kan nínú database ni ó yẹ kó wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí iye kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí risíìtì kọ̀ọ̀kan sì tọ́jú iye tí wọ́n lò fún un. Owó oṣù tó kéré jù lọ náà rí bẹ́ẹ̀: ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, ₦70,000 ní 2024. Ohun tí ìjọba tàbí ọ̀gá lè yí padà láìpe ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹ má kàn án mọ́ inú kóòdù, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dára tó.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì: àwọn nọ́ńbà tó kan owó ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Fífẹ̀ bọ́tìnì lè dúró.

ESLint, irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù JavaScript wò, ń pariwo lé gbogbo nọ́ńbà lórí, títí kan 0 àti 1. Ẹlẹgbẹ́ mi ti kọ `const ONE = 1` kó lè dákẹ́. Ṣé kí n pa á ni? (Láti Gwarinpa)

Ẹ pa `const ONE` rẹ́, ẹ fi ESLint sílẹ̀. Ó ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó gbójú fo àwọn kan:

    "no-magic-numbers": ["warn", {
      "ignore": [-1, 0, 1],
      "ignoreArrayIndexes": true,
      "enforceConst": true
    }]

"warn" la kọ, kì í ṣe "error". Lórí kóòdù tó ti pẹ́, "error" ló ń bí irú ONE yẹn. Checkstyle tí àwọn oní-Java ń lò máa ń fojú fo -1, 0, 1 àti 2 fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin oní-Python, ẹ ṣọ́ra: òfin PLR2004 nínú Ruff, irinṣẹ́ bíi ESLint fún Python, ibi tí a bá ti fi nọ́ńbà wé nǹkan nìkan ló ń wò. `if score > 70`, á mú un. `Price * 1.075`, á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i. Nítorí náà, bó bá dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé kóòdù yín mọ́.

Ẹ yọ fáìlì test kúrò nínú ohun tó ń yẹ̀ wò. Inú test, nọ́ńbà tí a kọ ní gbangba ló dára: ọjà ₦2,000, àbájáde ₦2,150. Bí test náà bá tún lọ ń ṣírò `price * (1 + VAT_RATE)`, ẹnì kan lè ṣi VAT_RATE kọ sí 0.75, test á sì sọ pé gbogbo rẹ̀ dáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Samaru, Zaria. Mo kọ `SEVENTY = 70` nínú iṣẹ́ àṣetiléwá lórí máàkì, olùkọ́ fagi lé e. Ṣebí mo ti fún un lórúkọ? (Láti Zaria)

Olùkọ́ yín jàre. Bí wọ́n bá gbé ààlà A lọ sí 75, ẹ máa ní `SEVENTY = 75`. Ohun tí nọ́ńbà náà ń ṣe ni orúkọ rẹ̀ ń sọ: `MIN_SCORE_FOR_A`. Àmọ́ máàkì tó ní ìpele márùn-ún, constant márùn-ún á kàn gba àyè lásán. Table kan tó:

    GRADES = [(70, "A"), (60, "B"), (50, "C"), (45, "D"), (40, "E")]

Ẹ máa wò ó láti òkè wá sílẹ̀. Ibi tí máàkì bá ti kọ́kọ́ tó ni ipò rẹ̀, èyí tí kò bá tó ìkankan, F. Bí ẹ bá tò ó láti ìsàlẹ̀, E ni gbogbo ẹni tó bá yege máa gbà. Nọ́ńbà inú table yẹn kò nílò orúkọ mìíràn. Orúkọ table ti sọ ọ́.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Sabon Gari, Kano. Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, ló ń ṣọ́ bátìrì 12V fún mi, kí relay (ẹ̀rọ tó ń já iná tó sì ń so ó) lè já bí iná bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ ju 10.5V. Inú kóòdù tí wọ́n fún mi, mo bá `if (analogRead(A0) < 430)` àti `delay(60000)`. Mi ò mọ ibi tí 430 ti wá. Mo ní kí n kúkú tún delay náà ṣe, mo kọ `const unsigned long WAIT_MS = 60 * 1000;`. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ò dáhùn mọ́. (Láti Kano)

Ìbéèrè méjì ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tó dá iṣẹ́ dúró. Lórí Uno, bit 16 ni int (àyè tí a fi ń tọ́jú nọ́ńbà tí kò ní ìdá), kò lè gbà ju 32,767 lọ. 60, int ni; 1000, int ni; nítorí náà int ni wọ́n máa bí, kò sì kan ohun tí ẹ kọ sí apá òsì. 60,000 kò gbà sínú rẹ̀, ó yí bìrí di -5,536. Ìgbà tí wọ́n wá gbé -5,536 yẹn sínú unsigned long, ó di 4,294,961,760 millisecond, bí ọjọ́ 49 àti ààbọ̀ ó lé. Ẹ̀rọ yín ò kú o, ó ń sùn ni. 60000 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ torí pé compiler (ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún ẹ̀rọ) rí i pé kò wọ int, ó sọ ọ́ di long fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

    const unsigned long WAIT_MS = 60UL * 1000UL;

Compiler kìlọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n Arduino IDE máa ń fi ìkìlọ̀ pamọ́ bí ẹ bá gbà á bó ṣe wà. Ẹ lọ sí Preferences, ẹ yí Compiler warnings sí All. Lórí ESP32, bọ́ọ̀dù mìíràn, bit 32 ni int, kóòdù yẹn kan náà á ṣiṣẹ́ láìsí ìjà. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi lè sọ pé lọ́dọ̀ tòun kò sí wàhálà.

Ó ku 430. Sensor kékeré tí wọ́n sábà fi ń ka fóòlù láti 0 dé 25 ní resistor 30k àti 7.5k nínú, ó ń pín fóòlù sí márùn-ún. 10.5V di 2.1V. Uno ń ka 0 dé 5V bí 0 dé 1023 (ADC ni wọ́n ń pe apá tó ń ka fóòlù yìí). 2.1 pín sí 5, lọ́nà 1023: 429.66. Ẹni tó kọ ọ́ sọ ọ́ di 430, ó sì kó ìṣirò náà lọ. Ẹ dá a padà sínú kóòdù:

    const float LEAD_ACID_CUTOFF_VOLTS = 10.5;
    const float DIVIDER_RATIO = 5.0;
    const float ADC_REF_VOLTS = 5.0;
    const int ADC_MAX = 1023;
    const int CUTOFF_READING = LEAD_ACID_CUTOFF_VOLTS / DIVIDER_RATIO
                               / ADC_REF_VOLTS * ADC_MAX + 0.5;

0.5 tó wà ní ìparí ni kò ní jẹ́ kí int gé 429.66 sí 429. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ lórúkọ. Àlàyé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó.

Èrè rẹ̀ á hàn ní ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà. Ẹ fi multimeter wọn pin 5V tó wà lára Uno yín. Bó bá jẹ́ 4.8V ló wà níbẹ̀, bó ṣe sábà ń rí nígbà tí okùn USB bá ń gbé iná wọlé, 430 yín ń dúró di nǹkan bíi 10.1V kó tó já relay, bátìrì ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe: `ADC_REF_VOLTS = 4.8`. Bí ẹ bá gbé e lọ sórí ESP32, ADC_MAX á di 4095, ADC_REF_VOLTS á di 3.3, CUTOFF_READING á sì di 2606 fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé 430 síbẹ̀, relay rẹ̀ ò ní já títí bátìrì fi máa sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi 1.7V. (ESP32 kì í ka fóòlù gún régé, ẹ fi multimeter yẹ ẹ́ wò.) LEAD_ACID tí a fi ṣáájú orúkọ náà kì í ṣe àṣejù: ọjọ́ tí ẹ bá gbé bátìrì lithium wá, 10.5 kọ́ ni iye tirẹ̀.

Ẹ fi constant kejì kún un fún ìgbà tí relay á padà gbé iná, bíi 12.6V. Bí ẹrù bá ti kúrò lórí bátìrì, fóòlù rẹ̀ máa ń gbéra díẹ̀. Bó bá jẹ́ 10.5 kan náà lẹ fi ń já tí ẹ fi ń so, relay á máa lù kàkà-kàkà títí á fi jó.

Ẹ má fi #define ṣe é. `#define GAP 5+2`, tí ẹ bá wá kọ `GAP*3`, 11 ló máa dá padà, kì í ṣe 21, torí pé ọ̀rọ̀ lásán ló ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀: 5+2*3.

Java ni mò ń kọ. Mo yí MAX_ITEMS padà láti 20 sí 50 nínú class kan tó ń jẹ́ Limits, mo compile class náà, mo gbé e sí server. 20 ló ṣì ń lò. (Láti Kaduna)

Server yín kọ́ ló ṣẹ̀. Bí ẹ bá kọ `public static final int MAX_ITEMS = 20;`, compiler máa ń da 20 náà kọ sínú gbogbo class tó bá lò ó. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn kì í tún bi Limits léèrè mọ́. Ẹ compile gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, `mvn clean package` bó bá jẹ́ Maven lẹ ń lò. Bó bá jẹ́ iye tí ẹ mọ̀ pé yóò máa yí padà, ẹ sọ ọ́ di method, tàbí kí ẹ máa kà á láti inú fáìlì ètò.

Ṣé mo lè fi Yorùbá sọ constant lórúkọ, pẹ̀lú àmì ohùn? (Láti Nyanya)

Python gbà á, JavaScript náà gbà á. Ibi tí ìjàngbọ̀n wà ni pé ẹ́ ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́: ẹ tí a fi àmì òkè lé, tàbí é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí. Ojú wa rí ohun kan náà. Python máa ń sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan kó tó lò wọ́n. JavaScript kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ méjì ni wọ́n jẹ́ fún un, á sì sọ fún yín pé òun ò mọ èyí tí ẹ ń pè, nígbà tó jẹ́ pé ó wà níwájú yín kedere. Foonù kan àti laptop kan nínú ẹgbẹ́ yín ti tó láti dá èyí sílẹ̀.

Fún iṣẹ́ tí ẹ̀yin nìkan ń ṣe, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, OWO_IFIRANSE. Ní ọ́fíìsì Àbújá, níbi tí Hausa, Igbo àti Tiv jọ ń ka fáìlì kan náà, ẹ kọ orúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi èdè tó bá wù yín ṣe àlàyé. Nínú àlàyé náà, ẹ má tún iye kọ, torí pé iye á yí padà, àlàyé á sì dúró síbẹ̀ máa purọ́. Ibi tí iye ti wá ni kí ẹ kọ:

    # Òfin Pẹ́ńṣọ̀n 2014. Ti òṣìṣẹ́ nìkan nìyí.
    PENSION_EMPLOYEE_RATE = Decimal("0.08")
    # Òfin kan náà. Ti agbanisíṣẹ́, a kì í yọ ọ́ lára owó oṣù.
    PENSION_EMPLOYER_RATE = Decimal("0.10")